Níbo Ló Ń Dùn Yín? Bí A Ṣe Lè Fi Ara Wa Kọ́ Èdè Sípáníìṣì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ bàtà náà kò bá mọ orúkọ ibi tó ń ta á ní èdè ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ìdí èdè Sípáníìṣì, nígbà tí n kò ní in lọ́kàn rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pè é lórí fóònù láti Ọ̀yọ́.

"Ẹ kú alẹ́, àǹtí mi. Ṣé ara le?"

"Ara kò fi bẹ́ẹ̀ le, àbúrò mi. Orúnkún ọ̀tún yìí ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo ti lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni ó ń tẹ̀ káàkiri."

"Àtẹ́lẹsẹ̀ kẹ̀? Kí ni ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Me duele el pie ni mo wí. Ó ní kí n bọ́ bàtà, ó yẹ gbogbo ìka ẹsẹ̀ mi wò, ó sì fún mi ní ìpara. Ìgbà tí mo délé ni ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó là mí lọ́yẹ̀ pé pie kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tiro kiri nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára jù ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń múra àtilọ bá a. Bí ìyá bá ṣi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pè, òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣi ẹsẹ̀ aláìsàn gbọ́ ńkọ́? Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ọmọ yìí ti pinnu pé a ó jọ kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara ní èdè Sípáníìṣì. Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, yálà kí n lọ bá a, tàbí kí ó wá bá mi.

Ẹ má rò pé èdè àwọn ará ọ̀nà jíjìn lásán ni. Orílẹ̀-èdè 20 ni wọ́n ti ń lo Sípáníìṣì gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba, láti Sípéènì dé Mẹ́síkò, Kúbà àti Ajẹntínà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ wà ní tòsí wa níhìn-ín ní Áfíríkà: Equatorial Guinea, tí erékùṣù rẹ̀ kan, Bioko, kò jìnnà sí etíkun ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ohun tí a bá kọ́ lónìí lè wúlò nílé bí ó ṣe lè wúlò lókè òkun.

Má gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kọ orúkọ ẹ̀yà ara sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń wá Sípáníìṣì rẹ̀. Ọ̀nà yìí gùn láìnídìí. Ẹni tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ yà ní Ìbàdàn.

Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ìrora ní èdè tiwa. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ènìyàn "ní" ẹ̀fọ́rí, bí ẹni pé ẹ̀fọ́rí jẹ́ ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa a máa sọ pé "orí ń fọ́ mi", "inú ń run mí", "ẹ̀yìn ń dùn mí". Ẹ̀yà ara ni ó ń ṣe nǹkan, èmi ni wọ́n ń ṣe é sí. Bákan náà gan-an ni Sípáníìṣì ṣe. Me duele la cabeza: me ni "mi", duele ni "ń dùn", la cabeza ni "orí". Orí ni olùwà nínú gbólóhùn náà, èmi ni àbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé wọ́n ti "mi" síwájú, àwa sì fi í sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i bẹ́ẹ̀, ó pariwo pé, "Àǹtí, ṣebí Yorùbá ni wọ́n ń sọ!"

Ó tilẹ̀ rọrùn ju tiwa lọ ní ọ̀nà kan. Ní Yorùbá, orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, eyín a sì máa roni. Ní Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, doler, ni ó kárí gbogbo wọn. Ohun tó kù láti rántí ni pé bí ohun tó ń dunni bá ju ẹyọ kan lọ, duele a di duelen. Me duelen los ojos: ojú méjèèjì ń dùn mí.

Ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Bí dókítà bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, yóò bi í pé, ¿Dónde te duele?, ìyẹn ni, "Níbo ló ń dùn ọ́?" Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tàbí ẹni tí kò mọ̀ rí, ¿Dónde le duele? ni, "Níbo ló ń dùn yín?" Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin "o" àti "ẹ", ilé ni wọn yóò ní kò ti gba ẹ̀kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti pín sí méjì

Bí ọ̀nà bá dán títí, ó ní ibi tí kòtò wà. Inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi já sí. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá fi ń pe ibi méjì tí Sípáníìṣì sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ há sórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti máa ń wáyé.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Láti itan dé ìka, "ẹsẹ̀" ni a lè pè é. Ní Sípáníìṣì, pierna ni òkè, títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Pie ni ibi tí ó ń wọ bàtà. Láàrin pierna ni rodilla wà, èyí tí í ṣe orúnkún. Tobillo ni ọrùn ẹsẹ̀.

Èkejì ni ojú. "Ojú rẹ̀ rẹwà" lè túmọ̀ sí gbogbo ojú, "ojú rẹ̀ pọ́n" sì lè jẹ́ ẹyinjú nìkan. Ní Sípáníìṣì, ojo ni èyí tí a fi ń ríran, cara ni èyí tí a ń fi omi bọ̀ láàárọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ilà àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ fún àlejò, cara ni ẹ óò sọ pé ó wà. Bí ẹ bá sọ pé inú ojo ni wọ́n kọ ilà sí, ẹ̀rù ni yóò bà á.

Ẹ̀kẹta ni etí. Oreja ni èyí tí a ń lu láti fi yẹtí sí. Oído ni ti inú, tí a fi ń gbọ́ràn. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, oído ni ó ń dùn ún.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́. Brazo ni apá, mano ni ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Àwa náà ní "apá" àti "ọwọ́", ṣùgbọ́n a máa ń da ìlò wọn pọ̀. Ẹni tó bá ṣubú lórí ọ̀kadà tó sì ní "ọwọ́ mi kán" lè ní ìgbúnwọ́ lọ́kàn. Kí ó tètè sọ brazo ni.

Ẹ̀karùn-ún ni inú. Inú tiwa fẹ̀ púpọ̀: oúnjẹ ń wọ̀ ọ́, oyún ń wà níbẹ̀, ìbínú àti ayọ̀ náà ń gbé ibẹ̀. Dókítà tó ń sọ Sípáníìṣì yóò fẹ́ mọ̀ bóyá estómago ni, ibi tí oúnjẹ ń dúró sí, tàbí vientre, ikùn lápapọ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kò lè mú "inú mi dùn" ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí a sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n lè gbé e lọ! Estoy contento ni ọkùnrin yóò wí, estoy contenta ni obìnrin yóò wí.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti pàdánù tí a kò ti jèrè. Ìka ni ìka ń jẹ́ fún wa, yálà ti ọwọ́ ni tàbí ti ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sí méjì. Sípáníìṣì kò yà wọ́n: dedo ni gbogbo rẹ̀, dedo de la mano fún ìka ọwọ́, dedo del pie fún ìka ẹsẹ̀.

Láti òkè dé ìsàlẹ̀

Nígbà tí a ti mọ ibi tí kòtò wà, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí ni cabeza, irun ni pelo, imú ni nariz, ẹnu ni boca, eyín ni diente. Ahọ́n ni lengua, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pe èdè. Ọrùn ni cuello, èjìká ni hombro, àyà ni pecho, ẹ̀yìn ni espalda, ìgbúnwọ́ ni codo, èékánná ni uña, ìbàdí ni cadera, itan ni muslo. Nínú ara, ọkàn ni corazón, ẹ̀dọ̀ ni hígado, ẹ̀dọ̀fóró ni pulmón, kíndìnrín ni riñón, ẹ̀jẹ̀ ni sangre.

Ní ti pípè wọn, ara wa ti mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Fáwẹ́lì márùn-ún ni Sípáníìṣì ní, a, e, i, o, u, gbogbo wọn ni ó sì wà nínú méje tiwa. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi ohùn òkè sí: ka-bé-sa, na-rís, ko-ra-són. Lẹ́tà j wọn dàbí h tiwa, nítorí náà óho ni ojo. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má pè é bí òjò tí ń rọ̀. Lẹ́tà h tiwọn kì í dún rárá: ómbro ni hombro. Ll dàbí y: rodíya ni rodilla, kuéyo sì ni cuello. Ñ dàbí ny: únya ni uña. P wọn kò rí bí p tiwa tí a ń pè nínú "pápá". Bíi ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Ch inú pecho kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ó dà bí ìgbà tí a bá so t mọ́ ṣ.

Ohun tó jẹ́ tuntun pátápátá sí wa ni akọ àti abo. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ wọn ni ó ní ẹ̀yà: el fún akọ, la fún abo. Èyí tó bá parí sí o sábà máa ń jẹ́ akọ, èyí tó bá parí sí a sábà máa ń jẹ́ abo. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà yìí rí, nítorí pé la mano ni wọ́n ń pe ọwọ́, kì í ṣe el mano. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ kan láìsí el tàbí la níwájú rẹ̀.

Àwọn àkànlò èdè wọn ni ó dá wa lára yá jù. Bí nǹkan bá gbówó lórí, àwa a ní "ó wọ́n bí ojú". Àwọn náà a ní cuesta un ojo de la cara, pé iye rẹ̀ tó ẹyinjú kan. Ọ̀rọ̀ tí a ní kò lórí tí kò nídìí, àwọn a ní kò ní ẹsẹ̀ kò ní orí, sin pies ni cabeza. Bí a bá ń "ran ènìyàn lọ́wọ́", àwọn náà a máa ju ọwọ́ kan sí i, echar una mano. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àwọn ní ìgbúnwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, hablar por los codos. Èyí pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn tó ti kọ́ ọ ṣáájú wa

Bí a ti ń rẹ́rìn-ín yìí, mo rántí pé àwa kọ́ ni ọmọ Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ orúkọ wọ̀nyí. Ní nǹkan bí ọdún 1835 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ògbómọ̀ṣọ́ di ibi ààbò fún ọ̀pọ̀ àwọn tó sá fún ogun. Àwọn tí kò rí ibi sá sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tà sí ẹrú, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn dé Kúbà, erékùṣù tí àwọn ará Sípéènì ń ṣàkóso nígbà náà. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Ọdún 1886 ni ìsìnrú tó dópin ní Kúbà.

Àwọn yẹn kò ní ìwé, wọn kò sì ní òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fi jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Inú oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ Sípáníìṣì, lẹ́nu ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ti ilé lọ. Ní ọdún 1957, obìnrin ará Kúbà kan tó ń jẹ́ Lydia Cabrera tẹ ìwé kan jáde ní Havana tí ó pè ní Anagó, ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí tí ó fi Sípáníìṣì túmọ̀. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn òrìṣà ní Kúbà, orí ṣì ń jẹ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ eyé, ojú ń jẹ́ oyú. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ti ṣá, j ti di y lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò dá wọn mọ̀. Ní ọjà, cabeza ni; níwájú òrìṣà, orí ni. Wọ́n kọ́ èdè ẹlòmíràn láìgbàgbé tiwọn, nínú ìyà. Kí ni àwáwí tiwa, àwa tí a wà nínú ìrọ̀rùn?

Ìlú wa méjèèjì yìí tilẹ̀ ní ìbátan pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀. Samuel Ajayi Crowther, tí Yunifásítì kan ní Ọ̀yọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ Yorùbá jáde ní 1858. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ́ lónìí. Àlejò tó fẹ́ gbọ́ èdè wa ni Bowen, ó sì ní láti bi àwọn onílé léèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè.

Bí a ṣe ṣe é

Ọ̀nà tí a gbà kò gba owó. Láàárọ̀, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ń wẹ̀, yóò máa pe ibi tí kànìnkànìn bá kàn: la cara, el cuello, la espalda. Ní ọ̀sán, a gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìyá aránṣọ kan ní àdúgbò Tákíẹ̀. Bí ó ti ń fi tépù wọn àyà, èjìká, apá àti ìbàdí oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Sípáníìṣì. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi mọ hombro, tí ó sì ń pè é jù wá lọ. Lálẹ́, a ó ṣe dókítà àti aláìsàn. Èmi ni aláìsàn, n ó sì fi ìka kan ibi tó ń dùn mí. Kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré lójoojúmọ́, a kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, a ti ka ara tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òkodoro rẹ̀: orúkọ ẹ̀yà ara nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n bí gbogbo nǹkan bá sá mọ́ ẹni lọ́wọ́, ẹni tó bá lè na ìka sí ibi kan kí ó sì wí pé me duele aquí, "ibí yìí ló ń dùn mí", ti ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tún lè pe orúkọ ibẹ̀, wọn kò ní fi ìpara àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́jú orúnkún rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù alámòóhùnmáwòrán. Ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kí i tán tí ó fi da ojú rú bíi dókítà, tí ó ní, "Señora, ¿dónde le duele?"

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "La rodilla, ọmọ mi. La rodilla derecha. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o tètè dé."

Derecha ni ọ̀tún. A kò tíì kọ́ ìyẹn. A kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀.